Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwa Atúnfóònùṣe Lágéré lórí Ẹrù Oníbàárà Tí Wọ́n Kó Lọ

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Ààrin Gbùngbùn Ifẹ̀,
Nípasẹ̀ Akọ̀wé Ìjọba Ìbílẹ̀,
Ilé-Ifẹ̀, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Alága wa ọ̀wọ́n,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ A RÍ FÓÒNÙ ÀTI LÁPÚTỌ́Ọ̀PÙ ÀWỌN ONÍBÀÁRÀ WA GBÀ PADÀ, KÍ Ẹ SÌ BÁ WA DÁ ÀṢẸ KÍKỌ PÁSÍWỌ́Ọ̀DÙ SÍLẸ̀ DÚRÓ

A kí yín kú iṣẹ́ ìlú. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ ṣe é tì. Àwa tí à ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe láti Lágéré dé Mayfair, dé Sábó, títí dé ẹnu géètì Yunifásítì, la dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, tí àwọn obìnrin inú wa sì wà lórí ìkúnlẹ̀, láti gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú yín. Ọ̀dọ̀ yín la kọ́kọ́ sá wá. A kò tíì lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò kankan, a kò sì tíì ké sí lọ́yà, nítorí a gbà pé ọ̀rọ̀ inú ilé ni, bàbá ilé ló sì yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a rán Alága létí irú èèyàn tí a jẹ́ nílùú yìí. Láti ọdún 2001 tí GSM ti wọ Nàìjíríà, nígbà tí ẹni tó bá gbé Nokia 3310 ń rìn bí olówó, la ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní Ifẹ̀. Kò sí ìjòyè, kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n ní OAU, kò sí dókítà, kò sí ìyálọ́jà ní Odò Ogbè tí fóònù rẹ̀ kò tíì gba orí tábìlì wa kọjá. Àwọn òṣìṣẹ́ sẹkitéríàtì yín náà mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó jáde ìwé mẹ́wàá tí kò rí nǹkan ṣe, ọwọ́ wa ló ti kọ́ṣẹ́, tó gba fúrídọ́ọ̀mù, tó sì ń bọ́ ìyá àti bàbá rẹ̀ lónìí. Bí a bá ní ká ti ìlẹ̀kùn wa fún ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, Ifẹ̀ yóò mọ̀ pé nǹkan ṣe òun.

Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wá ṣe báyìí sí.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ aláàbò kan já wọ Lágéré nínú ọkọ̀ Hilux tí kò ní nọ́ńbà. A kò ní dárúkọ ọ́fíìsì wọn sínú ìwé yìí, nítorí a kò fẹ́ kó dà bí ẹni pé à ń bá ẹnikẹ́ni du ipò. Bí Alága bá pè wá, a ó sọ ọ́ lójúkojú. Wọ́n ní àwọn ń wá fóònù tí wọ́n jí. Alága ẹgbẹ́ wa ṣí fìlà, ó kí wọn, ó ní kí wọ́n fún òun ní IMEI fóònù náà, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, kí a bá wọn wá a kíákíá. Wọn kò ní IMEI. Ó bi wọ́n pé irú fóònù wo ni. Wọ́n ní kó kúrò lọ́nà. Ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè bóyá ìwé àṣẹ láti ilé ẹjọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Èsì tó gbà ni ìfọ́tí, níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, níwájú oníbàárà. Ẹni tó ti ní ọmọ ọmọ!

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bọ́ sórí tábìlì wa, ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin. Ẹ jọ̀wọ́, Alága, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, nítorí ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ wa lè rò pé fóònù lásán ni wọ́n kó. Bí a bá tú fóònù, síkírìnì rẹ̀ á wà lápá kan, pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn bọ́ọ̀dù inú rẹ̀, lápá kan, bátìrì lọ́tọ̀, súkúrù rẹ̀ á sì wà nínú ìdérí agolo mílíìkì. Bébà kan la máa ń to gbogbo rẹ̀ sí, tí a ó fi téèpù lẹ orúkọ oníbàárà mọ́ ọn. Súkúrù inú fóònù kan kì í gùn bákan náà. Ẹni tó bá ki èyí tó gùn bọ ihò tó kúrú, pánẹ́ẹ̀lì ló máa gún, fóònù náà sì ti kú nìyẹn. Ìdí nìyí tí ọmọ iṣẹ́ wa kì í fi gbọdọ̀ fọwọ́ kan bébà ẹlòmíràn. Àwọn ọkùnrin yìí fi apá gbá gbogbo rẹ̀ wọnú àpò Ghana-must-go. Síkírìnì, pánẹ́ẹ̀lì, bátìrì, súkúrù, ti ẹni tó ti sanwó àti ti ẹni tí kò tíì san, gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan. Áyọ́ọ̀nù tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì ṣì gbóná nígbà tí wọ́n jù ú sí i. Bátìrì fóònù tí nǹkan gbígbóná bá gún máa ń gbiná. Ọmọ iṣẹ́ kan ń pariwo pé kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n yọ áyọ́ọ̀nù náà, wọ́n ní bó bá tún lanu, inú ọkọ̀ ni yóò bá ara rẹ̀.

Títí di òní tí à ń kọ ìwé yìí, wọn kò fún wa ní bébà kan tó fi hàn pé wọ́n kó nǹkan kan.

Àwọn tó ni ẹrù kò sì mọ Hilux, àwa ni wọ́n mọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó wà ní ọdún ìkẹyìn gbé lápútọ́ọ̀pù tí kò tàn mọ́ wá kí a bá a yọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Lápútọ́ọ̀pù ti lọ pẹ̀lú iṣẹ́ náà. Agbẹ̀bí kan ní Ìlàré, nọ́ńbà tí àwọn aboyún fi ń pè é lóru wà nínú fóònù tí wọ́n kó. Ìyá oníPOS kan kò sùn mọ́, nítorí áàpù báǹkì rẹ̀ wà lórí fóònù tí ẹni tí kò mọ̀ ń gbé kiri. Òwúrọ̀ ni wọ́n ń dé, wọ́n á jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, àwọn mìíràn ń pè wá ní olè ní àdúgbò tí wọ́n ti ń pè wá ní ẹnjiníà.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí ìwé kan fi dé. A kò lè ka orúkọ ẹni tó buwọ́ lù ú. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, oníṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ra ìwé ńlá, kó kọ orúkọ oníbàárà sí i, kó kọ NIN rẹ̀, kó lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́ ọn, kó sì kọ pásíwọ́ọ̀dù tàbí pátánì tó fi ń ṣí fóònù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí òṣìṣẹ́ aláàbò èyíkéyìí tó bá béèrè lè rí i kà. Kò mẹ́nu kan ilé ẹjọ́ rárá.

A kò ní purọ́ fún Alága, ìwé yìí bí wa nínú ju ìfọ́tí lọ.

Olè fóònù pọ̀ ní Ifẹ̀, a mọ̀. Wọ́n ń já a gbà lórí ọ̀kadà, wọ́n ń yọ ọ́ lápò lọ́jọ́ ọdún. Àwa gan-an la kọ́kọ́ ń fura, nítorí ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n máa ń gbé e wá kí a bá wọn ṣí i. Ẹ̀rí tó ń tú olè fó náà kò ṣàjèjì sí wa. Fóònù kọ̀ọ̀kan ló ní IMEI, nọ́ńbà oní-díjíìtì 15 tó ń jáde bí èèyàn bá tẹ *#06#, ó sì wà lára páálí tí wọ́n fi ta fóònù náà. Láti ọdún 2013 ni iPhone ti ní ìdè iCloud tó jẹ́ pé ẹni tó ni ín nìkan ló lè tú u. Android náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú àkáǹtì Google ní ọdún 2015. Ẹni tó bá gbé fóònù tó ti tì wá, tí kò mọ àkáǹtì tó wà lórí rẹ̀, tí kò ní rìsíìtì, tí kò ní páálí, tó sì ń sọ pé a ṣáà bá òun bípáàsì ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yé wa. Òfin ẹgbẹ́ wa ni pé ọmọ ẹgbẹ́ tó bá bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣí i, tàbí tó bá yí IMEI padà, a ó yọ ọ́ lẹ́gbẹ́. Èyí la ń ṣe láìsí ẹni tó gbá wa létí.

Nítorí náà, orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti IMEI, a ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ni ti NIN ìyá arúgbó tí síkírìnì rẹ̀ fọ́? Láti oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí wọ́n so gbogbo síìmù mọ́ NIN, báǹkì náà sì ti ń so àkáǹtì mọ́ ọn. Ẹ wá kọ nọ́ńbà oní-díjíìtì 11 yìí, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ fi pásíwọ́ọ̀dù kún un, ẹ lẹ fọ́tò mọ́ ọn, ẹ sì gbé ìwé náà sórí tábìlì lẹ́bàá títì Lágéré. Kò ku nǹkan kan tí gbájúẹ̀ tún ń wá. Ṣọ́ọ̀bù wa ni wọn yóò máa fọ́ lóru nítorí ìwé ogójì ewé, kì í ṣe nítorí fóònù mọ́. Ọjọ́ tí owó bá sì kúrò nínú àkáǹtì ẹnikẹ́ni, àwa tí a fọwọ́ ara wa kọ ọ́ sílẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ kó.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, Alága.

Òfin ilẹ̀ wa náà kò fara mọ́ ọn. Abala 37 nínú ìwé òfin ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí tẹlifóònù. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin ààbò dátà. Òfin náà ní ohun tí iṣẹ́ bá béèrè nìkan ni kí èèyàn gbà lọ́wọ́ ọmọnìkejì, àti pé bí dátà tó lè ṣàkóbá fún èèyàn bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí wọ́n fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí láàárín wákàtí 72. Bí òjò bá wọ ṣọ́ọ̀bù tó gbé ìwé náà lọ, ta ni nínú wa ni yóò sáré lọ sí Àbújá? Àwọn tó ṣe fóònù pàápàá ń sá fún ohun tí wọ́n ní ká máa ṣe yìí. Samsung ti gbé ètò kan jáde láti ọdún 2022 tí oníbàárà lè tẹ̀ kó tó gbé fóònù fún wa, tí a ó fi lè dán iṣẹ́ wa wò láìrí fọ́tò tàbí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Google ṣe irú rẹ̀ fún Pixel ní ọdún 2023. Wọ́n ń bo àṣírí oníbàárà lójú wa, ìwé tó dé bá wa sì ní kí a kọ ọ́ síta.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé a kò lè bi òṣìṣẹ́ aláàbò léèrè, ìlú yìí ti rí i rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ọdún 2023, EFCC wọ ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ OAU lóru, wọ́n kó ọmọ 69. Nígbà tí ariwo rẹ̀ kárí, ọ̀gá àjọ náà fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ pé kí wọ́n dẹ́kun irú ìwọlé òru bẹ́ẹ̀. Kò bu iyì wọn kù. Àwa kò sì béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí a tó gbàgbé: gọ́tà tó wà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù wa ti dí, tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń já fún wa kò ní orí kò ní ìdí mọ́, iná tó ń wá tó ń lọ sì ń ba irinṣẹ́ wa jẹ́. Ìyẹn lè dúró di ọjọ́ mìíràn.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Kí Alága fi ọlá yín pe àwọn tó kó ẹrù náà, kí wọ́n dá a padà. A ti kọ orúkọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan àti irú fóònù rẹ̀ sí bébà tí a so mọ́ ìwé yìí. Kí wọ́n má dà á sílẹ̀ fún ara wọn o. Kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó tú u wà níbẹ̀, nítorí àwọn nìkan ló lè mọ pánẹ́ẹ̀lì tó lọ pẹ̀lú síkírìnì. Èyí tó bá ti bàjẹ́, kí wọ́n san án fún ẹni tó ni ín. Kí ẹ dá àṣẹ pásíwọ́ọ̀dù àti NIN dúró, kí a jókòó pẹ̀lú yín, kí a fẹnu kò lórí ìwé tí a ó máa kọ orúkọ àti IMEI sí, tí òṣìṣẹ́ tó bá mú IMEI àti ìwé àṣẹ dání yóò lè rí i wò níwájú ẹni méjì láti inú ẹgbẹ́. Kí ẹni tó gbá alága ẹgbẹ́ wa létí wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Alága ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ní ká yọ gbólóhùn yẹn kúrò. Ìpàdé kọ̀.

A kò halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni, ọmọ kì í halẹ̀ mọ́ bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n yóò dára kí Alága mọ ohun tó ń lọ. Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ ti ní kí a ti gbogbo ṣọ́ọ̀bù, kí a wọ aṣọ dúdú, kí a sì fẹsẹ̀ rìn wá sí sẹkitéríàtì. Àwọn oníPOS àti àwọn tó ń ta síìmù ti ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ lẹ́yìn wa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ti ń béèrè ọjọ́. Fóònù àti lápútọ́ọ̀pù tí wọ́n ń já gbà lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ wà lára ohun tó gbé àwọn ọ̀dọ́ jáde nígbà EndSARS ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, gbogbo wa la mọ bó ṣe rí. Àwa àgbà là ń dá wọn dúró. A sọ fún wọn pé Alága kò ní jẹ́ kó dé bẹ̀, wọ́n sì gbà láti dúró di ìpàdé ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a ní èsì yín lọ́wọ́ kí a tó wọlé síbẹ̀.

Àwa ọmọ yín tó ń retí yín,

Alága ẹgbẹ́
Akọ̀wé ẹgbẹ́
Ìyá ẹgbẹ́
Lórúkọ gbogbo atúnfóònùṣe Lágéré àti agbègbè rẹ̀

Ẹ̀dà ìwé yìí wà fún: Ààfin Ọ̀ọ̀ni, Ẹnúwá, Kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa, Olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ OAU.