Adrenaline kì í wọ inú sẹ́ẹ̀lì o, ẹ jẹ́ ká máa sọ ọ́ bó ṣe rí

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ kan ló ká mi lára tí mo fi ní kí n kọ̀wé sí yín. Àwọn tó ń kọ nípa ìlera máa ń sọ pé họ́mónù, ìyẹn kẹ́míkà tí ara ń fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ kiri, "wọ inú sẹ́ẹ̀lì lọ ṣiṣẹ́", bíi pé gbogbo wọn ló ń wọlé. Òótọ́ ni pé àwọn tó lè yọ́ mọ́ ọ̀rá, bíi estrogen àti testosterone, ń wọlé, ṣùgbọ́n adrenaline, họ́mónù tó ń tú jáde tẹ́rù bá bà wá, ò lè la awọ ọlọ́ràá tó bo sẹ́ẹ̀lì kọjá, ìta ló ń dúró sí, purotéènì tó wà lára awọ yẹn ló ń bá a jíṣẹ́ sínú.

Tẹ́rù bá bà wá, adrenaline á gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ara sẹ́ẹ̀lì, á lẹ̀ mọ́ risẹ́pítọ̀, ìyẹn purotéènì ara awọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, tó gba inú awọ yẹn kọjá lẹ́ẹ̀meje. Bó ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn báyìí ni risẹ́pítọ̀ á yíra padà, á jí purotéènì míì tí wọ́n ń pè ní G protein tó wà lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn á ju GDP (kẹ́míkà tó máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá ń sinmi) sílẹ̀ á gba GTP (èyí tó ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́), á lọ ta énsáìmù kan jí, énsáìmù yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ATP, kẹ́míkà agbára inú sẹ́ẹ̀lì, di cyclic AMP, kẹ́míkà tó ń jíṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa jí ara wọn lọ títí ẹ̀dọ̀ á fi tú ṣúgà tó kó pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Adrenaline bíńtín, cyclic AMP rẹpẹtẹ! Earl Sutherland tó ṣàwárí cyclic AMP gba Nobel ní 1971, Gilman àti Rodbell gba tiwọn lórí G protein ní 1994, ó wá kan Lefkowitz àti Kobilka ní 2012 torí risẹ́pítọ̀ fúnra rẹ̀.

Èyí tí wọn kì í sọ rárá ni bó ṣe ń dáwọ́ dúró, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. G protein fúnra rẹ̀ ló ń sọ GTP ọwọ́ rẹ̀ di GDP padà kó tó lè sinmi. Májèlé kòkòrò onígbáméjì ò ní jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìfun, cyclic AMP á wá pọ̀ kọjá ààlà, iyọ̀ àti omi á máa ya kúrò lára, ohun tó ń fa ìgbẹ́ olómi tó lè pa èèyàn láàárín wákàtí díẹ̀ nìyẹn.

Ẹ tún wo oògùn. Salbutamol ń ta risẹ́pítọ̀ adrenaline inú ọ̀nà èémí jí kí asthma lè rọlẹ̀, propranolol, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, sì máa ń jókòó sórí irú risẹ́pítọ̀ kan náà kí adrenaline má bàa ráyè, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi fún ẹni tó ní asthma. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi àlàyé yìí sí ojú ewé ìlera yín, kẹ́ni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè mọ ìdí tí dókítà fi ń bi í bóyá ó ní asthma, kó má sì fi pamọ́ fún un.