Ìkéde: Ibi tí a ó máa kó plugin jQuery wa sí

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ wa ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ o.

Àwọn kan ṣì fẹ́ fi plugin wọn (àfikún kékeré tó ń fún jQuery, àkójọ kóòdù JavaScript fún ojú-ìwé wẹ́ẹ̀bù, ní agbára tuntun) sí ibùdó plugin àtijọ́ ti jQuery lórí ayélujára. Wọn kò gba tuntun níbẹ̀ mọ́. Wíwò nìkan ló kù. npm, ibi tí wọ́n ń kó kóòdù JavaScript pamọ́ sí lórí ayélujára, ni jQuery ní kí a máa lò. Nínú package.json, fáìlì tó ń ṣàpèjúwe plugin yín, ẹ kọ "jquery-plugin" sábẹ́ keywords (àwọn ọ̀rọ̀ ìṣàwárí), kí ẹni tó ń wá a lè rí i. Ó ń dùn mí bí iṣẹ́ gidi ṣe ń sùn sínú láptọ́ọ̀pù yín.

A ó jọ ṣe é ní Sátidé, aago 4 ìrọ̀lẹ́, níbi tí a ti máa ń pàdé ní Lágere. Ẹ ti ṣí àkáǹtì npm yín, kí ẹ sì cháàjì láptọ́ọ̀pù láti ilé. Ẹni tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì kó tó di Ọjọ́bọ̀.

Akọ̀wé