Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí Ìpàdé Ọjọ́rú

Ìkòròdú

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú òtútù Kánádà o. Àwọn ọmọ ńkọ́? Àlàáfíà la wà níbí, àfi òjò tó sọ ojú ọ̀nà wa di odò.

O ní kí ló dé tí mo ń yin ìpàdé Ọjọ́rú wa báyìí, ìpàdé tí àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ ti ń tú ọ̀rọ̀ aláìsàn tí nǹkan ṣe palẹ̀. O mọ̀ pé ilé ẹjọ́ ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n á dá ọmọ ọlọ́mọ dúró, wọ́n á bi í léèrè títí òógùn á fi bò ó. Ta ló máa sọ òótọ́ níbẹ̀? Ọ̀gá tuntun tó dé ló fòpin sí i. A ò gbọdọ̀ dárúkọ ẹnikẹ́ni mọ́, nọ́ọ̀sì àti físíò (àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú aláìsàn) sì gbọ́dọ̀ wà níjòkòó, títí kan ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn.

Gbọ́ tọ̀sẹ̀ yìí. Bíríkìlà kan ni, ó jábọ́ níbi iṣẹ́, ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ bàjẹ́ lọ́rùn. Níbi físíò, lórí kẹ̀kẹ́, ó ní orí ń fọ́ òun gan-an. Ojú rẹ̀ pọ́n, òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbẹ táútáú. Wọ́n wọn bípì rẹ̀, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, nọ́ńbà òkè jẹ́ 148. Wọ́n ní kò le tó bẹ́ẹ̀, wọ́n fún un ní parasitamọ́ọ̀, wọ́n sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja.

Ìwọ náà ti mọ̀ ọ́n: autonomic dysreflexia, ìyẹn kí bípì ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ bàjẹ́ lókè ṣàdédé ru sókè nítorí ohun kan tó ń ni ín lára nísàlẹ̀. Lọ́jọ́ tí kò sí nǹkan, bípì irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ kì í sábà ga. Nọ́ńbà òkè ti ọkùnrin yìí kì í kọjá 100. Rọ́bà tí ìtọ̀ rẹ̀ ń gbà jáde sínú àpò ló há sábẹ́ itan, ilé ìtọ̀ kún dẹ́nu, kò sì lè mọ̀ ọ́n lára. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ìbá bẹ́ sí i lọ́pọlọ! Nọ́ọ̀sì tó gbaṣẹ́ lọ́sàn-án ló rí i pé àpò ìtọ̀ gbẹ. Ó gbé e jókòó, ó tú rọ́bà náà, ìtọ̀ dà, bípì wálẹ̀.

Ọ̀gá ò béèrè ẹni tó wọn bípì. Ó ní, "Níbo la kọ iye tí bípì aláìsàn yìí máa ń jẹ́ sí?" Kẹ́kẹ́ pa. Àárín fáìlì ló wà, fáìlì sì wà ní wọ́ọ̀dù. Ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun rí pé kí òun máa wo rọ́bà. Òun náà ló dábàá pé ká kọ iye tí bípì aláìsàn máa ń jẹ́ sí káàdì, ká so ó mọ́ kẹ̀kẹ́, torí bẹ́ẹ̀dì kì í bá a lọ síbi físíò. A fi ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe kún un: gbé e jókòó, tú aṣọ tó fún mọ́ ọn lára, wo rọ́bà.

(Ọ̀gá wa fẹ́ràn ìtàn Ernest Codman, oníṣẹ́ abẹ ará Boston tó ń jà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn pé kí ilé ìwòsàn máa tọpa aláìsàn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n mọ ibi tí ìtọ́jú já sí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ò rí tiẹ̀ rò.)

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé a máa ń fẹnu kò, kò sẹ́ni tó ń padà lọ wò ó. Káàdì tá a ṣe nítorí egbò ìdùbúlẹ̀, pé kí wọ́n máa yí aláìsàn padà ní wákàtí méjì-méjì, òun làwọn ará ilé aláìsàn fi ń fẹ́ ara wọn bí NEPA bá ti múná lọ. Lọ́dọ̀ yín, ta ló ń padà lọ wò ó bóyá wọ́n ń ṣe ohun tẹ́ ẹ fẹnu kò lé lórí? Fi fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ ń lò fún un ránṣẹ́ sí mi, èyí tí wọn ò tíì kọ nǹkan sí, kó tó di Ọjọ́rú tó ń bọ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ.

Èmi ni,
Àṣàkẹ́