Búlọ́ọ̀gù kì í ṣe ti olófòófó nìkan

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ kan ló ń dùn mí tí mo fi ní kí n kọ̀wé sí yín. Níbi tá a bá jókòó sí ní Àkúrẹ́ yìí, ìbáà jẹ́ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ìbáà jẹ́ inú kẹ̀kẹ́ Márúwá, tẹ́nì kan bá ti lè dárúkọ búlọ́ọ̀gù pẹ́nrẹ́n, òfófó ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí gbogbo èèyàn lọ́kàn, òṣèré wo ló kọ ọkọ ẹ̀, olórin wo ló ra mọ́tò tuntun. Mi ò ní kí wọ́n má ka ìyẹn o. Àmọ́ a ti fi nǹkan tó lè wúlò fún wa gan-an sílẹ̀ fáwọn olófòófó, ìyẹn ni ò dáa.

Kí tiẹ̀ ni búlọ́ọ̀gù? Ibi téèyàn ní fúnra ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni, tó ń kọ nǹkan sí nígbà tó bá wù ú, èyí tó kọ lónìí á wà lókè, tàná á wà nísàlẹ̀ ẹ̀, tọdún mẹ́ta sẹ́yìn náà á ṣì wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní déètì tiẹ̀ àti àdírẹ́sì tiẹ̀, ẹni tó bá kà á tó sì ní ọ̀rọ̀ láti sọ á kọ tiẹ̀ sábẹ́ ẹ̀. Ó parí.

Ẹ wò ó, látìgbà tí Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere yẹn, ti gbé Ìwé Ìròyìn, ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́, jáde l'Ábẹ́òkúta ní 1859, ẹni tó bá ní nǹkan tó fẹ́ kí aráyé kà, àfi kó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tàbí kó mọ ẹni tó ní in, tẹ́yin olóòtú bá sì ní kò ní jáde, kò ní jáde náà nìyẹn (ẹ má bínú sí mi o). Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé, àwọn kan bíi Justin Hall l'Amẹ́ríkà ti ń kọ ìgbésí ayé wọn síta láti 1994, àmọ́ ẹni tí ò mọ HTML, kóòdù tí wọ́n fi ń ṣe ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, ò lè sún mọ́ ọn. 1999 ni iléeṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Pyra Labs gbé Blogger jáde, ibẹ̀ lọ̀nà ti là fún gbogbo èèyàn, o kọ ọ̀rọ̀ ẹ, o tẹ bọ́tìnnì kan, ó ti jáde. Google ra Blogger ní 2003, ọdún yẹn náà ni WordPress, tí wọ́n tún fi ń ṣe búlọ́ọ̀gù, dé. Lórí Blogger yìí ni Linda Ikeji tiwa níbí ti bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní 2006, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ búlọ́ọ̀gù, bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rò pé ọ̀rọ̀ àwọn gbajúmọ̀ nìkan ló wà fún.

Ohun tó jẹ́ kí n máa pariwo rèé. Àbúrò mi obìnrin kan ń ṣoko kòkó lápá Ìdànrè. Gbogbo ohun tó bá ń ṣe lóko ló máa ń kọ sórí status WhatsApp ẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò: bí wọ́n ṣe ń fọ́ èso kòkó, bí wọ́n ṣe ń kó hóró inú ẹ̀ jọ tí wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sí méje, bí wọ́n ṣe ń yí i kí ooru lè kárí ẹ̀ kí wọ́n tó sá a sóòrùn. Ó ya fọ́tò hóró méjì kan lọ́jọ́ kan, ó ti fi ọ̀bẹ là wọ́n sí méjì, inú ọ̀kan ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, inú ìkejì ṣì jẹ́ àwọ̀ elésè àlùkò, ó ní ẹni tó kánjú ṣí ewé kúrò lórí kòkó ló ni ìkejì yẹn, pé kò lè dùn bíi ti àkọ́kọ́ láé. Ẹ̀kọ́ gidi! Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí i? Àwọn tó ní nọ́ńbà ẹ̀ nìkan ló rí i, nígbà tó fi máa di wákàtí 24 ó ti pòórá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí bàbá ẹ̀ fi oko kòkó sílẹ̀ fún n'Ílé-Olújì, tí òjò rọ̀ rọ̀ rọ̀ tí èso kòkó ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú lórí igi, orí Google ló máa gbà lọ. Ṣé ó máa rí status àbúrò mi níbẹ̀? Kò lè rí i. Tó bá jẹ́ orí búlọ́ọ̀gù ni àbúrò mi kọ ọ́ sí, lédè Yorùbá tó yé gbogbo wa, á bá a níbẹ̀, á tún lè béèrè ìbéèrè lábẹ́ ẹ̀.

Àwọn ìyá wa tó mọ oríkì ìdílé ńkọ́? Orin ọdún Ògún l'Oǹdó ńkọ́, àwọn ìtàn tí wọ́n ń sọ nígbà ọdún Ulefúnta l'Ákùúrẹ́ níbí? Inú voice note ni gbogbo ẹ̀ wà, nínú gúrúùpù ẹbí, tí fóònù bá bọ́ sómi ó tán. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ tẹ́tí sí i, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kódà kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè Oǹdó gan-an bí màmá ṣe sọ ọ́. Gboard, kíbọọ̀dù Google tó wà lórí fóònù, ní Yorùbá nínú, ẹ má jẹ́ kí àmì ohùn dẹ́rù bà yín.

Owó ẹ̀ ò tiẹ̀ pọ̀. Ọ̀fẹ́ ni Blogger, ẹni tó bá ní Gmail lè bẹ̀rẹ̀ lónìí, ìgbà téèyàn bá fẹ́ àdírẹ́sì tó dá dúró ló máa ń sanwó lọ́dọọdún. Àwọn kan ń fi ìpolówó rówó níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá torí owó nìkan bẹ̀rẹ̀ ló máa ń tètè sú. Kéèyàn má jí iṣẹ́ oníṣẹ́ kó síbẹ̀, kó má sì gbé irọ́ jáde torí pé ó fẹ́ kí èrò pọ̀, Cybercrimes Act, òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti wà nílẹ̀ yìí láti 2015. Kó sì ní ẹ̀dà gbogbo ohun tó kọ sọ́wọ́, torí iléeṣẹ́ tó gbà wá sílé lè ti ilẹ̀kùn: Yahoo ti GeoCities, níbi táwọn èèyàn ti ń ṣe ojú ewé tiwọn, pa ní 2009, ojú ewé ọ̀pọ̀ èèyàn ló bá a lọ. Blogger máa ń jẹ́ kéèyàn wa gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀ jáde, ẹ máa ṣe é lóòrèkóòrè.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo wá bẹ̀ yín, Olóòtú, ni pé kẹ́ ẹ yọ̀ǹda àyè kékeré kan nínú ìwé ìròyìn yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ máa mú ọ̀rọ̀ kan látorí búlọ́ọ̀gù táwọn èèyàn wa fi Yorùbá kọ, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ tòun ti àdírẹ́sì ẹ̀. Àwọn bàbá tí kì í lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì á kà á lọ́wọ́ yín, àwọn tó ń kọ ọ́ náà á mọ̀ pé ẹnì kan ń ka tàwọn. Tẹ́ ẹ bá gbà, ẹ sọ ibi tá a máa fi ránṣẹ́ sí, mo ti ń bá àbúrò mi ṣe tiẹ̀ lọ́wọ́.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Àkúrẹ́