Gbólóhùn kan tó wà nísàlẹ̀ àbájáde síkáànù rẹ

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Àlàáfíà fún ẹ o. Mo ti ka àbájáde síkáànù tí o fi ránṣẹ́. Ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n tìtorí ẹ̀ yà á, ẹ̀dọ̀fóró sì mọ́. Àmọ́ wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kálísíọ̀mù wà lára iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn. Jọ̀ọ́, má fojú fo ìyẹn.

Ọ̀rá ló kọ́kọ́ ń wọ ara ògiri iṣan, ibẹ̀ á wú. Tó bá pẹ́, kálísíọ̀mù á gbá jọ síbẹ̀, á le bí egungun. Ìdí nìyẹn tó fi ń funfun nínú àwòrán. Àìsàn iṣan ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé iṣan ti dí. Tí àyà kò bá dùn ẹ́, tí o kì í mí hẹlẹhẹlẹ lórí àtẹ̀gùn, kò sídìí láti sáré lọ ki wáyà bọ iṣan.

Bi dókítà léèrè bó ṣe pọ̀ tó. Síkáànù tí wọ́n dìídì yà fún ọkàn ní òǹkà tí wọ́n ń pè ní Agatston: 0 ló dára jù, 1 sí 99 kéré, láti 100 lọ ni wọ́n sábà máa ń dámọ̀ràn státínì, oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, 300 sókè ti pọ̀. Síkáànù àyà lásán kì í bá ìlùkìkì ọkàn rìn, àwòrán a máa ṣe bàìbàì, èyí tó kéré lè sá pa mọ́. Tí wọ́n bá fa oògùn àwòrán sí iṣan, òun náà funfun, ó lè bò ó. Nítorí náà, àbájáde tí kò dárúkọ kálísíọ̀mù kò túmọ̀ sí pé òǹkà náà jẹ́ 0. Bí o bá ní síkáànù àtijọ́, ní kí wọ́n tún un wò.

Mú iye ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ, ṣúgà àti LDL (ọ̀rá burúkú inú ẹ̀jẹ̀) lọ́wọ́ lọ. Sọ fún dókítà tí àìsàn ọkàn bá mú bàbá tàbí arákùnrin rẹ kó tó pé ọmọ ọdún 55, tàbí ìyá tàbí arábìnrin rẹ kó tó pé 65. Tí o bá ń mu sìgá, òun ni kí o kọ́kọ́ jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: státínì kì í yọ́ kálísíọ̀mù. Òǹkà náà tilẹ̀ lè gòkè, torí ọ̀rá rírọ̀ ń le, èyí tó sì le kì í tètè bẹ́. Àyẹ̀wò LDL lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 sí 12 ló ń fi hàn pé oògùn ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe síkáànù míì. Má torí ẹ̀ sá fún oúnjẹ tó ní kálísíọ̀mù, má sì dá bẹ̀rẹ̀ aspirin fúnra rẹ. Ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ya.

Kọ iye LDL rẹ sí mi tó bá ti jáde.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.