Eré Àárọ̀ Kérésìmesì àti Fíìmù Méjì Kan

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọdún o, o sì kú ìyèdún. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà lọ́hùn-ún?

Jókòó kó o tó ka ìyókù. Èmi tó o mọ̀ yìí, èmi tí mo máa ń wọ ọkọ̀ lọ síbi tí ẹsẹ̀ lè gbé mi dé, mo sáré kìlómítà 5 láàárọ̀ ọjọ́ Kérésìmesì, kò sì sí ajá tó ń lé mi.

Parkrun ni wọ́n ń pe eré náà. Ọ̀fẹ́ ni, àárọ̀ Sátidé ni wọ́n sì sábà máa ń sá a nínú ọgbà ìgbafẹ́, àmọ́ ibi tó bá wù lè fi ti ọjọ́ Kérésìmesì kún un. Ìtàn bó ṣe bẹ̀rẹ̀ wù mí púpọ̀. Lọ́dún 2004, Paul Sinton-Hewitt fara pa, kò lè sáré, ṣùgbọ́n kò fẹ́ jìnnà sáwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ máa ń sáré. Ló bá pè wọ́n sí Bushy Park ní Lọ́ńdọ̀nù, ó di aago mú, ó ń ka àkókò fún wọn. Ènìyàn 13 ló sáré lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yin èèyàn, ẹni tí kò lè sáré ló dá eré sílẹ̀! Orílẹ̀-èdè tó ń sá a báyìí ti lé ní 20.

Aṣọ pupa ló kún ọgbà náà fọ́fọ́. Bàbá Kérésìmesì kan sáré kọjá lára mi, irùngbọ̀n òwú rẹ̀ ti yí sẹ́yìn ọrùn, kò tiẹ̀ dúró tún un ṣe. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù tẹ́lẹ̀ ni pé èmi ni màá gbẹ̀yìn, pé wọn á ti máa palẹ̀ mọ́ kí n tó dé. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan máa ń wà tó ti yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti gbẹ̀yìn. Bó o bá ń rìn jẹ́jẹ́, òun náà á máa rìn jẹ́jẹ́ lẹ́yìn rẹ. Obìnrin tó ṣe é lọ́jọ́ náà so agogo wẹẹrẹ mọ́ bàtà, ìró agogo yẹn ni mo fi ń mọ bí nǹkan ṣe ń lọ sí fún mi. Nígbà míì ó súnmọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Lọ́dún 2024, àwọn tó ń ṣètò Parkrun yọ àkójọ orúkọ àwọn tó yára jù lọ kúrò lórí ìkànnì wọn, kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ má baà rí i kó sì padà sílé. Àwọn eléré kan fapá jánú. Mi ò dá wọn lẹ́bi, ẹni tó ṣe wàhálà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yá á fẹ́ kí ayé rí i. Síbẹ̀, àwọn tó yọ ọ́ ni mo wà lẹ́yìn wọn.

Lẹ́yìn náà, itan mi kọ̀ láti gòkè àtẹ̀gùn, ni mo bá fìdí mọ́lẹ̀, mo ń wo fíìmù. Èyí tí mo fẹ́ kó o wò ni Flow, kàtúùnù tí Gints Zilbalodis ṣe. Omi bo ayé, ológbò kan wà nínú ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú àwọn ẹranko mìíràn. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ títí tó fi parí! Ìró ẹranko gidi ni wọ́n lò, ṣùgbọ́n ti capybara, ẹranko kan tó dà bí òkété ńlá, ohùn ọmọ ràkúnmí ni wọ́n fi rọ́pò tirẹ̀. Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ni wọ́n fi ṣe é, ó sì gba Oscar lọ́dún 2025, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún Latvia, orílẹ̀-èdè Zilbalodis.

Èkejì ni Perfect Days, ti Wim Wenders ará Jámánì. Ọkùnrin kan ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbò ní Tokyo, ó ń bomi rin igi kéékèèké, ó ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rọ̀. Kōji Yakusho tó ṣe ọkùnrin náà gba àmì ẹ̀yẹ òṣèrékùnrin tó dára jù lọ níbi ayẹyẹ fíìmù Cannes lọ́dún 2023, ojú rẹ̀ nìkan sì tó fíìmù. Àárín rẹ̀ fà díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ìwọ á ti sùn lọ.

Ó wá yé mi pé ohun tí mo gbádùn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni wíwà pẹ̀lú èèyàn láìjẹ́ pé a gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Àmọ́ ti ìwọ yàtọ̀. Mi ò tíì rí ẹni tí mo lè bá jiyàn lórí fíìmù bíi tìẹ, bó o tilẹ̀ máa ń sọ ìparí rẹ̀ kó tó débẹ̀.

Nítorí náà, mú alẹ́ kan tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ká jọ wo Flow lákòókò kan náà, kó o sì pè mí bó bá ti parí. Bó o bá ti wò ó kọjá, má sọ fún mi.

Bá mi kí àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́