Táyà, ẹ̀fọn ọ̀sán àti ọkàn àbúrò mi

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo ka ohun tí ẹ kọ lórí ibà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀rọ̀ nẹ́ẹ̀tì tí ẹ tẹnu mọ́ dára, àmọ́ ẹ̀fọn tó kó dengue (ibà mìíràn tí kì í ṣe màlẹ́ríà) ran àbúrò mi kì í dúró de alẹ́.

Fọkanáísà ni àbúrò mi, n'Íbàdàn níbí. Lásìkò òjò tó kọjá ni ara rẹ̀ gbóná, tí ẹ̀yìn ojú ń ro ó, tí gbogbo oríkèé ń dùn ún. A ní ibà náà ni. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọn ò rí màlẹ́ríà, síbẹ̀ oògùn màlẹ́ríà ni wọ́n kọ fún un. (Kí wá ni àyẹ̀wò wà fún?) Kẹ́míìsì tún po ibuprofen mọ́ ọn, oògùn ara ríro tó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára ẹni tó bá ní dengue. Lọ́jọ́ keje ara rẹ̀ tutù, a ti ń dúpẹ́. Àfi bó ṣe ní òun ò lè gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mọ́, pé àyà òun ń já.

Níbi tí a kọ́kọ́ gbé e lọ, dríìpù ni wọ́n fà sí i lára, omi lórí omi. Nígbà tó di òru, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ kó mí. Dókítà ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní ọsibítù kejì ló di ọwọ́ rẹ̀ mú, tó ń wo aago: ìgbà 44 ni ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ 60 sí 100 ló yẹ kó jẹ́. Ó ní kí wọ́n já dríìpù kíá. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo bí ọkàn ṣe ń lù, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí Èkó. Dengue ni. Iṣan ọkàn rẹ̀ ti wú, kò lágbára tó láti ti omi yẹn káàkiri, lomi bá ń kún inú ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ̀fọn tó gbé e fún un náà ló ń gbé chikungunya (ibà tó ń mú oríkèé dunni) àti ibà pọ́njú kiri: èyí tó ní ìlà funfun lẹ́sẹ̀, tó ń jẹni lójú mọmọ. Mo lọ wo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Omi òjò wà nínú táyà àlòkù tó tò sẹ́yìn. Abọ́ tó fi ń wá ibi tí túùbù ti ń jò kún fún tanwíjí, wọ́n ń jó lọ jó bọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní dengue ni ọkàn rẹ̀ ń yọnu. Ọ̀pọ̀ jù lọ ló ń yá wẹ́rẹ́. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àrùn òkèèrè ni. Wọ́n rí i ní Ṣókótó lọ́dún 2023. Kí ìjọba kó ohun èlò àyẹ̀wò rẹ̀ sí ọsibítù wa, ká yé gbé ẹ̀jẹ̀ lọ s'Ékòó. Kó tó débẹ̀, dídi ọwọ́ aláìsàn mú ká wo aago, kọ́bọ̀ kan kò lọ sí i.

Dókítà ní kó má gbé ohun tó wúwo fún oṣù mẹ́ta. Orí àga ló jókòó sí báyìí, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń ti jáàkì sábẹ́ ọkọ̀, ó ń pariwo mọ́ wọn. Ó ti da abọ́ omi yẹn nù. Táyà àlòkù ló ní owó òun ni, òun ò ní í sọ nù. Tapólì la fi bò wọ́n.

Òǹkàwé yín,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn